Ìdáhùn Kẹta

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù tó gbóná, mo máa ń kó dókítà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ jọ, a ó ti ẹ̀rọ kan tí ó ní táyà lábẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn tí ó bá ti yọ̀ǹda fún wa, ẹni tí ó bá sì kàn lọ́jọ́ náà yóò fi jẹ́ẹ̀lì pa á lára, yóò gbé probe, apá ẹ̀rọ náà tí a ń fi ọwọ́ dì mú kan ara, lé e, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo ní kí ó wá. Ultrasound ni ìwé ń pe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n sikáànì ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì máa pè é níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ aláìsàn gbà pé aboyún nìkan ló ni ín. Bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí èémí rẹ̀ kò já geere, wò wá bí a ti ń ti ẹ̀rọ náà bọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin dókítà wọ̀nyí, ta ló sọ fún yín pé mo lóyún?” Gbogbo wọ́ọ̀dù ló bú sẹ́rìn-ín, bàbá fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dá a dúró. Omi ni a bá ní àyà rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan àbọ̀ nígbà tí a fà á tán, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru ọjọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka àwòrán inú ara. Sikáànì tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀ka tiwọn máa ń yẹ gbogbo ẹ̀yà ara tí ó wà ní agbègbè kan wò, wọn a wọ̀n wọ́n, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, dókítà tí ó ń tọ́jú aláìsàn yóò sì wá ka èsì rẹ̀. Sikáànì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tí ó ń tọ́jú aláìsàn gan-an ni ó di probe mú, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì mú lọ́wọ́: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn obìnrin tí ó dákú yìí? Ǹjẹ́ omi ti yí ọkàn ẹni yìí ká tí kò fi lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́? Ǹjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọkùnrin tí ó ti orí ọ̀kadà ṣubú yìí ṣì ń fara kan ògiri àyà rẹ̀? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà mìíràn ní aago 2 òru, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé aláìsàn náà kọjá àgbàlá lọ sí ilé mìíràn kí ó má kú sójú ọ̀nà. N kò gbà pé ọ̀kan lè gba ipò èkejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń bẹ̀rù pé a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kò tíì kíyè sí i pé aláìsàn tí a ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn ń pọ̀ sí i ni, láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ń fi ojú ara wọn rí ohun tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kì í gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ. Ohùn ni, kì í ṣe ìtànṣán bíi ti ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán eegun. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2 títí dé mílíọ̀nù 15. Ó ń lọ, ó ń kan nǹkan, ó ń padà bọ̀ bíi gbohùngbohùn ẹni tí ó pariwo lẹ́bàá òkè, ẹ̀rọ náà sì ń ka àsìkò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀. Nítorí pé ó ti gbà pé mítà 1,540 ni ohùn ń rìn nínú ẹran ara ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè sọ bí ohun tí ó kàn ti jìnnà tó. Omi kì í dá ohùn padà, nítorí náà dúdú ni ó máa ń hàn. Eegun àti òkúta inú àpò òróòro a máa dá a padà, wọn a funfun, òjìji dúdú a sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá, ìdí nìyí tí jẹ́ẹ̀lì fi gbọ́dọ̀ wà láàárín probe àti awọ ara. Probe tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ohùn rẹ̀ ga, ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò jìn hàn kedere, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú lọ. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ń wọ ikùn lọ jìnnà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí jẹ́ẹ̀lì bá tán ńkọ́? Ó máa ń tán. Wọ́n ti dán ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a fi omi sè wò ní ibì kan nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé àwòrán rẹ̀ ṣeé lò. Àwa náà sè é nígbà kan, ẹni tí ó bá sì mọ bí a ti ń po sitáàṣì aṣọ kò nílò kí n kọ́ ọ. Kìkì pé ó gbọ́dọ̀ tutù kí ó tó kan ara aláìsàn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ náà, nítorí pé ní ọjọ́ kejì òórùn rẹ̀ yóò lé gbogbo wa jáde.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń sọ ìtàn Ian Donald fún wọn. Dókítà agbẹ̀bí ni ní ìlú Glasgow, ó sì gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ onírin ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ wá ibi tí irin ti sán tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1955, ó di àwọn kókó àti àpò omi tí wọ́n gé jáde lára àwọn obìnrin sínú ọkọ̀, ó gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àgbá ńlá tí a fi ń se omi, ó sì rí i pé èyí tí ó jẹ́ ẹran gbagidi àti èyí tí omi kún inú rẹ̀ kò dá ohùn padà bákan náà. Ní ọdún 1958, òun, John MacVicar àti Tom Brown tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni obìnrin kan tí ikùn rẹ̀ wú, tí àwọn àgbà dókítà ti gbà pé jẹjẹrẹ tí kò gbóògùn ni. Ẹ̀rọ fi hàn pé omi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣí ikùn obìnrin náà, àpò omi ńlá kan ni wọ́n gé jáde, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ máa ń fẹ́ràn ìtàn náà, nítorí pé ẹ̀rọ ló borí ìpinnu àwọn àgbà. Èmi ń sọ ọ́ kí n lè rí ọ̀nà sọ èkejì, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan, tí kò sì fi iyì kún mi.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì tí mo ti ń di probe mú, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò sí mọ́. Mo ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì, mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ọ̀dọ́bìnrin kan dé lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ní inú ló ń run ún láti àárọ̀, ó sì ti dákú lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó dé, wọ́n ti ki rọ́bà sí i, gbogbo ìtọ̀ rẹ̀ sì ti wà nínú àpò tí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn; kò sí ẹni tí ó rántí bù díẹ̀ níbẹ̀ fi ṣe àyẹ̀wò oyún, bẹ́ẹ̀ ni èmi pàápàá. Mo gbé probe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti fara kanra, kò sí ìlà dúdú kankan níbẹ̀. Mo gbé e sí ìsàlẹ̀ ikùn. Àwòrán náà rí wúruwùru, ìfun àti afẹ́fẹ́ ni mo rí, mo sì yára gbé e kúrò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Nítorí gbólóhùn kan yìí ni ẹni tí ó yẹ kí ó gbé e wọ tíátà fi ní kí a kọ́kọ́ tọ́jú ibà.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kò gbà. “Dókítà, ẹ wo ojú ọmọ yìí,” ni ó wí, ó fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí òwú. “Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́.” Nígbà tí mo fi tún un wò, ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀jẹ̀ sì ti gòkè dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀. Oyún tí ó dúró sí ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ ló bẹ́. Ọmọ náà yè é. Ọpẹ́ ni fún nọ́ọ̀sì náà, ọpẹ́ ni fún àwọn ẹbí tí wọ́n na apá kí a fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ṣe. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jókòó sí ìsàlẹ̀ ikùn, lẹ́yìn ilé ọmọ. Àpò ìtọ̀ tí ó kún ni fèrèsé tí a ń gbà yọjú wo ibẹ̀, fèrèsé náà sì ti wà ní títì kí n tó dé. N kò rí ibẹ̀ rárá, mo sì kọ ọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi tù mí nínú pé a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Kì í ṣe ọwọ́ tí ó di probe mú ló jẹ̀bi, bí kò ṣe ọwọ́ tí ó di bírò mú.

Láti ìgbà náà ni mo ti pín ìdáhùn sí mẹ́ta. Èkínní: mo rí i. Èkejì: mo wo ibẹ̀ dáadáa, n kò sì rí i. Ẹ̀kẹta: n kò rí ibẹ̀ dáadáa. Gbogbo dókítà tí ó bá kọ́ sikáànì lọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé aláìsàn. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù láti kọ́ni, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni a fi ń dẹ́rù bà wọ́n ní yunifásítì pé ẹni tí kọ́nsọ́tántì bá bi ní ìbéèrè ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí kò sì ní èsì ni kò kàwé. Ọmọ tí a tọ́ báyẹn, tí ọ̀gá rẹ̀ wá dúró tì í tí ó ń bi í pé, “Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ àbí kò sí?”, yóò wá nǹkan sọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yan aláìsàn tí ìfun rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, tí àwòrán rẹ̀ kò lè mọ́ láéláé, n ó sì dákẹ́. Èkínní yóò ní òun rí kíndìnrín. Èkejì yóò ní òun náà rí i. Nígbà tí ẹnì kan bá fi ìbẹ̀rù sọ pé, “Ẹ má bínú sà, èmi ò rí nǹkan kan o,” òun ni mo máa ń yìn lójú gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn kẹta kì í ṣe ibi ìsinmi. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó kàn tí òun yóò ṣe: yóò ní kí aláìsàn mí sínú kí ó sì dá èémí dúró kí ẹ̀dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ó yí sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí a jẹ́ kí àpò ìtọ̀ kún, tàbí kí a tún un wò láìpẹ́, tàbí kí a pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju tiwa lọ. Ìdáhùn kejì pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè ti wà nínú ikùn kí ó má tíì pọ̀ tó èyí tí ẹ̀rọ lè fi hàn. Mo tún fi òfin kan kún un, pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò. “Mo rí ìlà dúdú láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín” ni kí ó ṣáájú. “Ẹ̀jẹ̀ ni” lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nítorí pé omi ikùn ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ náà dúdú bákan náà.

Ní ti ọwọ́, ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí wọ́n gba ipò kìíní nínú ìdánwò kì í sábà yára mọ̀ ọ́n. Mẹ́rin ni ohun tí a lè fi probe ṣe: kí a sún un, kí a dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú kan, kí a yí i, kí a tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a máa ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán a sá lọ, òun náà a máa lé e kiri. Mo máa ń ní kí wọ́n dì í mú bí bírò, kí wọ́n fi ìka kékeré ti ara aláìsàn kí ọwọ́ má baà yọ̀, kí wọ́n sì ṣe ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Títẹ̀ ní èrè àti ewu tirẹ̀: iṣan ẹsẹ̀ tí a tẹ̀ tí kò padé ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo jù yóò tẹ iṣan ọrùn pa, yóò sì ní òun kò rí i. Fún fífi abẹ́rẹ́ wá iṣan, àyà adìyẹ láti ọjà ni a ń lò. A ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rọ omi sóbò kún sí àárín ẹran náà, bí abẹ́rẹ́ bá sì wọlé, pupa yóò jáde. Fún ilé ọmọ, ìbẹ́pẹ ni, èyí tí àwọn olùkọ́ agbẹ̀bí ti ń lò tipẹ́ nítorí bí ó ti rí. A kì í jẹ adìyẹ náà. Ìbẹ́pẹ, n kò lè búra.

Ẹ̀dọ̀fóró ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbà pé sikáànì kò wúlò níbẹ̀; afẹ́fẹ́ ló kúnnú rẹ̀. Daniel Lichtenstein, dókítà ará Faransé tí ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti wọ̀ wọ́n lára, ni ó tẹra mọ́ ọn pé àwọn àmì tí afẹ́fẹ́ náà ń dá sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ní ọdún 2008 ni ó sì gbé ìlànà kan jáde fún wíwo ẹni tí kò lè mí dáadáa. Láàárín eegun ìhà méjì, ìlà funfun kan máa ń tàn; nígbà tí ara bá dá, ìlà náà ń rìn síwá sẹ́yìn pẹ̀lú èémí bí ìgbà tí èèrà ń tò lórí okùn. Bí àwọn èèrà bá dúró, afẹ́fẹ́ lè ti bọ́ sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rẹ́sídẹ́ǹtì kan, ìyẹn dókítà tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ gún àyà aláìsàn kan nítorí àmì yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n fi ń fún un ní èémí ló wọlé jù, tí afẹ́fẹ́ fi ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. “Kí lo rí?” ni mo bi í. “Kò rìn, sà.” “Kí lo rò?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo rọ́bà náà, ó fà á sẹ́yìn, àwọn èèrà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àmì kejì ni àwọn ìlà tí ń tàn wálẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, tí ń fi hàn pé omi ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Lára abiyamọ tí ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, àwọn ìlà wọ̀nyí àti ọkàn tí ó fẹ̀ tí kò sì fún mọ́ ń mú wa rántí kíákíá àìsàn ọkàn tí ń tẹ̀ lé ìbímọ, èyí tí Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, pàápàá ní apá Àríwá.

Wọ́n máa ń bi mí pé mélòó ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó lè dá a ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàjáwìrì Amẹ́ríkà ní 25 sí 50 fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Èmi ń wo apá kejì gbólóhùn náà ju iye lọ. Mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ tí 50 pé sínú rẹ̀ láìsí àwòrán kan tí a fi pa mọ́. Lójú mi, òfo ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti jápa ń kọ̀wé sí mi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí FAMUS àti FUSIC, àwọn ètò ìwé ẹ̀rí sikáànì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ti ibẹ̀, ń bèèrè lọ́wọ́ wọn náà nìyẹn. Ní ti ẹ̀rọ alápò tí a ń so mọ́ fóònù, irú èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ilé iṣẹ́ Butterfly ní ọdún 2017, tí ó ń lo ṣíìpù dípò kírísítálì, n kò kórìíra rẹ̀. Bátìrì ló ń lò, kò bìkítà bí iná bá lọ. Owó ọdọọdún tí wọ́n ń fi dọ́là gbà lórí rẹ̀ ni kò bá àpò rẹ́sídẹ́ǹtì wa mu, ó sì rọrùn jù láti yọ ọ́, wò ó, kí a dá a padà sápò láìkọ ohunkóhun sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago 3 òru, house officer kan, dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, pè mí. “Ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé ẹ ti sùn. Obìnrin kan ni, inú ń run ún, àyẹ̀wò fi hàn pé oyún wà. Mo ti wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì dáadáa, n kò rí nǹkan. Ìsàlẹ̀ ikùn, ìdáhùn kẹta ni sà.” Mo bi í pé kí ló ti ṣe sí i. Ó ní òun ti ní kí wọ́n má ki rọ́bà ìtọ̀ sí i, omi ti ń wọ ara rẹ̀, òun ti pe àwọn dókítà tí ń tọ́jú aboyún, wọ́n ti ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ mu, òun yóò sì tún un wò ní 20 ìṣẹ́jú. Mo ti wọ bàtà kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí mo dé, ibùsùn náà ti ṣófo, wọ́n ti ti obìnrin náà lọ sí tíátà, mo sì bá house officer náà níbi tí ó ti ń nu probe. Ó fi àgbọ̀n júwe ojú ẹ̀rọ fún mi: àpò ìtọ̀ tí ó ti kún díẹ̀, ilé ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, àti ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ilé ọmọ, tí ó ti fi pa mọ́ sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú wákàtí tí ó rí i.